Ìdánwò Bàbá Onítáńkà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ láàárín Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, awakọ̀ kan ń gbé nínú ilé tó kọjú sí tiwa. Bàbá Onítáńkà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi àti ọmọ rẹ̀ obìnrin jọ wà ní kíláàsì kan náà. Òun ni mo padà wá fẹ́, òun náà ni mo sin ní ọdún tó kọjá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí n lè máa bá ìtàn lọ.

Láti Satellite Town ni bàbá yìí ti ń gbé epo lọ sí Kánò. Bó bá jókòó sílé tí ọkọ̀ kan kọjá lójú títì, yóò ní, "Táyà ẹ̀yìn ẹni yẹn ti ń rọ̀." Bí a bá sáré jáde lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó bá a.

Ṣùgbọ́n kò mọ ìwé. Ẹnìkan ló bá a gba láísẹ́ǹsì rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ìgbà náà ti ń ṣe. Kò jókòó ṣe ìdánwò rí. Nígbà tó yá, òfin dé pé ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ wá sọ ìtumọ̀ àmì ojú ọ̀nà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dá a dúró ní Mazamaza, wọ́n sì gba láísẹ́ǹsì náà. Ọ̀gá rẹ̀ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì péré: bí kò bá mú òmíràn wá, ẹlòmíràn ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ táńkà.

Ni ọmọ rẹ̀ bá mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya àwọn àmì náà sára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni bàbá ń jókòó lórí àpótí níwájú rẹ̀, èmi náà a sì jókòó tì wọ́n.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Ìyẹn? Ó wà kí o tó dé afárá Jẹ́bà."

"Mi ò bèèrè ibi tó wà, sà. Kí ló túmọ̀ sí?"

"Tíṣà, ẹ má nà mí o."

Ìyá ọmọ náà tó ń lọ ata gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Nà wọ́n, jàre! Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rí mi fín."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí ọ̀sẹ̀ méjì fi fẹ́ẹ̀ pé. Kò sí àmì tí kì í ṣe ibì kan lójú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kò dúró lórí rẹ̀. Mo rí ọmọ náà tó ń sunkún, tó kọjú sí ògiri kí bàbá rẹ̀ má baà mọ̀.

Àwa méjèèjì bá a lọ síbi ìdánwò, a dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ọ̀gá tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè kò gbọ́ Yorùbá. Ó na àwòrán ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè sí i. Bàbá nu òógùn ojú. Ọ̀gá mú bírò láti kọ ọ́ pé ó kùnà.

Ni bàbá bá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó di ìdarí ọkọ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ adàmọ̀dì Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní epo inú táńkà a máa fì bí omi inú garawa, a sì máa ti èèyàn síwájú láti ẹ̀yìn. Ó ní jíà kejì lòun ń kó sí látòkè wá, nítorí ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì nìkan, iná ni. Ó dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá fi bírò sílẹ̀. Ó na àwòrán mìíràn, ó tún na òmíràn. Nígbà tó yá, ó sún àga mọ́ tábìlì bí ọmọ iléèwé. Mo rí ọ̀nà Kánò látòkèdélẹ̀ nínú yàrá kékeré yẹn.

Ọ̀gá ní, "Òfin ní kí n mọ̀ bóyá o lè sọ ọ́ kó yé mi. Ó yé mi. Mi ò mọ̀ bóyá màá rí oorun sùn lónìí." Ó lu òǹtẹ̀.

Òfin náà dára. Ìyàwó mi gan-an máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé ó yẹ kí bàbá òun ti ṣe ìdánwò kó tó di ìdarí ọkọ̀ mú. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń dán awakọ̀ wò, fóònù ló sì ń júwe ọ̀nà fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara. Bí táńkà bá ń kọjá, mo máa ń wo ẹni tó wà nídìí rẹ̀, bóyá ó mọ bí epo ṣe ń tini láti ẹ̀yìn. Tẹ́lẹ̀, ìyàwó mi ni mo máa ń bi, òun a tẹ́tí sí ọkọ̀ náà bíi bàbá rẹ̀, a sì sọ fún mi. Ní báyìí, mo kàn ń wò ó títí yóò fi kọjá ni.