Òjò Ọjọ́ Àìkú

Ní àsìkò tí ìjọba ológun ń lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́yìn yunifásítì ni kí n fi òjò tí sátẹ́láìtì fojú bù lágbègbè odò Yewa wé èyí tí àwọn èèyàn wọ̀n nílẹ̀. Ọ̀gá mi ní bí méjèèjì bá bára mu, a ò nílò àwọn tó ń wọn òjò mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ti ìlú Ìworò nìkan ni kò bára mu. Bí sátẹ́láìtì bá ní òjò rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, òdo ni bàbá tó ń wọn òjò níbẹ̀ máa ń kọ. Inú mi dùn, mo rò pé ẹ̀rọ ojú ọ̀run ló ń parọ́. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀, mo bá lọ sọ́dọ̀ bàbá náà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òjò kì í rọ̀ níbí lọ́jọ́ Àìkú ni?”

Ó wò mí tìyanutìyanu. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ó ń rọ̀ dáadáa. Èmi ni n kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Olúwa. Tó bá di Mọ́ńdè, mo máa wọn gbogbo ẹ̀ pọ̀.”

“Ẹ wá kọ òdo sí Àìkú?”

“Kí ni ǹ bá kọ? Ohun tí n ò wọ̀n? Sátẹ́láìtì yín ni kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ń lọ!”

Ó rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ro òjò ọjọ́ méjèèjì pọ̀, ó bá ti sátẹ́láìtì mu. Ojú tì mí, inú sì bí mi sí bàbá pé ó sọ òótọ́ fún mi. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí n ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irọ́.

Kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti wá hú agolo tí bàbá fi ń wọn òjò, wọ́n gbé e lọ.

Mo padà lọ kí i ní ọjọ́ Ajé kan. Kò bá mi jà, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Lójú ihò tí wọ́n ti hú agolo náà, ó ti gbé agolo mílíìkì kan síbẹ̀, ó ń fi rúlà wọn omi inú rẹ̀. Ó já bébà kan fún mi.

“Bá mi fún wọn. Ti àná, ọjọ́ Àìkú, wà níbẹ̀.”

Mo gbà á, mo dúpẹ́. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi.