Sípíkà Méjì fún Yàrá Ẹní Mẹ́rin Ààbọ̀

Nígbà tí Kuwabara Shigeharu ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, Etí ni wọ́n ń pè é ní ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ní Nagoya. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ń gbé òòlù tí èèkù rẹ̀ gùn kọ́ èjìká, tí ó ń kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń dẹtí. Irin tí ara rẹ̀ le a dún gooro. Irin tó ti sán nínú a dún bí ìkòkò tó là. Lọ́dún kan, ẹ̀rọ sọ pé ẹsẹ̀ kan kò ní àbùkù, Shigeharu ní ó ní. Wọ́n tú u, wọ́n sì bá ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun orí nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Etí bá ti sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ a panu mọ́.

Ó máa ń fi etí rẹ̀ yangàn díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí. Ohun tí ènìyàn fi ń jẹun, ó yẹ kó lè fi yangàn. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, nígbàkígbà tí ìwé ìjọba ìlú bá dé pé kí àwọn àgbà wá yẹ ara wọn wò lọ́fẹ̀ẹ́, yóò lọ fún ti ojú, yóò lọ fún ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n yóò fo ti etí.

"Ta ni yóò yẹ etí Etí wò?" ni yóò wí, yóò sì ká ìwé náà sábẹ́ ife tíì.

Fumie, ìyàwó rẹ̀, a kàn rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ń ta dùùrù. Kì í ṣe dùùrù inú ṣọ́ọ̀ṣì. Tiwọn gùn bí ibùsùn, okùn mẹ́tàlá ló wà lára rẹ̀, èékánná eyín erin ni wọ́n sì ń fi bọ ìka mẹ́ta kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò. Ní ọdún 1984, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dáwó jọ, wọ́n gba gbọ̀ngàn kan, wọ́n sì gba orin rẹ̀ sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ìṣẹ́jú méjìlélógún péré. Àfi ìgbà tí àrùn oríkèé dé, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ìka rẹ̀ ká kò tí kò sì nà mọ́. Ó fi aṣọ wé dùùrù náà, ó fi ta akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́rẹ, ó ní ọwọ́ òun ti sinmi. Kò sunkún. Kásẹ́ẹ̀tì náà nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ìgbà tí orúnkún àwọn méjèèjì kọ àtẹ̀gùn, wọ́n ta ilé ńlá wọn, wọ́n sì kó lọ sí ilé kékeré kan nílẹ̀ pẹrẹsẹ. Sípíkà àtijọ́ méjì tí Shigeharu ní ga tó ọmọ ọdún méje, kò sí ibi tí wọn yóò gbé wọn sí. Ó ta wọ́n.

"Mo ti lé àwọn orogún mi méjèèjì jáde," ni Fumie wí, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù gbé wọn lọ. "Ogójì ọdún ni wọ́n fi dúró sí pálọ̀ mi láìdáná rí."

"Àwọn kékeré kan ń bọ̀."

"Mo mọ̀. Ọkùnrin tó ti fẹ́ méjì rí, ṣé kan ló máa wá fẹ́ ni?"

Yàrá kan ló ṣẹ́ kù fún orin nínú ilé tuntun náà, yàrá tí ẹní mẹ́rin ààbọ̀ ti tó láti tẹ́ kún ilẹ̀ rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta bá sùn síbẹ̀, ẹni kẹrin a dúró. Ṣùgbọ́n Shigeharu ti ṣèlérí. Ó ní òun yóò wá sípíkà kékeré tí yóò mú dùùrù Fumie dún nínú yàrá náà bí ó ṣe dún ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, kí obìnrin náà lè máa gbọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ títí ọjọ́ wọn yóò fi pé. Ohun tó fẹ́ nìyẹn, kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé mọ́.

Ó lọ sí Osu, àdúgbò ọjà kan ní Nagoya, níbi tí Onodera ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Onodera kì í ta ọjà fún ẹni tí kò bá gbé orin tirẹ̀ wá. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ó kọ́ yàrá kékeré kan sí, tó tẹ́ ẹní síbẹ̀ bí yàrá ilé ẹni, àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Oníbàárà a jókòó, Onodera a fi aṣọ dúdú bo sípíkà kí ojú má baà bá etí yàn, yóò wá bọ́ sẹ́yìn, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Shigeharu gbé orin Fumie fún un, tí wọ́n ti dà láti inú kásẹ́ẹ̀tì sórí síídì.

Oríṣi mẹ́ta ni ó gbọ́. Ti àkọ́kọ́ dún bí ìgbà tí wọ́n fi ìrọ̀rí bo dùùrù lẹ́nu. Ti ìkejì kò yàtọ̀. Shigeharu ti ń rò pé kásẹ́ẹ̀tì náà ló ti gbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkẹta bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ èékánná. Ó gbọ́ eyín erin tó ń kan okùn, ó gbọ́ ọ ketekete, bí ẹni pé Fumie ọmọ ogójì ọdún jókòó síwájú rẹ̀. Omi lé sí i lójú.

"Èyí ni," ó wí.

Onodera ṣí aṣọ dúdú náà kúrò. "Ó dára, Bàbá Kuwabara. Ìkẹta yẹn dára púpọ̀. Yàrá yín kéré ṣá, ògiri sì súnmọ́ etí... bóyá..."

Ó fi í síbẹ̀, ó ń wo ẹní. Níbi tí à ń wí yìí, ẹni tó bá sọ pé "bóyá" tó sì wolẹ̀ ti sọ̀rọ̀ tán. Olùgbọ́ ni yóò fi ìyókù sí i. Shigeharu mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó fi gbé ilé ọkọ àti ìyàwó fún ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Lọ́jọ́ náà, kò fẹ́ fi ìyókù sí i ni.

"Ẹ bá mi dì wọ́n," ó ní.

Ó gbé wọn délé. Wọn kò ju páálí bàtà méjì lọ. Ó wọn yàrá náà pẹ̀lú okùn, ó gbé sípíkà kúrò lára ògiri kí ó má baà máa kùn, ó fi wọ́n sórí igi ìdúró tí ẹnu kékeré òkè, èyí tó ń sọ ohùn tín-ín-rín, fi bá etí ẹni tó jókòó dọ́gba. Àga méjì ló wọlé, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún Fumie. Nígbà tí wọ́n jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ mísò tán, ó tan orin náà.

Fumie jókòó, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Nígbà tó parí, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó rí bí ojú náà ti ń dán.

"Ẹ ṣé, Bàbá Sanae," ó ní. Orúkọ ọmọ wọn ló fi ń pè é. "Ó dára."

Láti ìgbà náà, orin náà kò yẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Fumie jókòó sórí àga rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ní ooru ń mú òun. Lọ́sẹ̀ kẹta, ìgbà tí orin bá bẹ̀rẹ̀ ni yóò rántí abọ́ tí kò tíì fọ̀, omi yóò sì máa ṣàn ní kíṣìnnì títí orin yóò fi tán.

"O kò wá gbọ́?"

"Mo ń gbọ́ ọ látibí. Ó dára."

Shigeharu rò ó títí. Ó ní ẹ̀bi òun ni. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú, òun wá ń fi ohùn ọwọ́ náà dá a lóró lálaalẹ́. Bí ẹni gbé oúnjẹ síwájú ẹni tí kò ní eyín. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi. Kò tan orin náà mọ́, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Fumie náà kò bèèrè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó lọ sí ilé ìwẹ̀ àdúgbò, ó bá a ní títì, wọ́n ń tún ìkòkò omi gbígbóná ṣe. Ó padà sílé, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Dùùrù ń dún ní yàrá orin. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Fumie jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, ó pa ojú dé, àwọn ìka kíká náà sì ń rìn lórí orúnkún rẹ̀. Ó ti ṣẹ́ aṣọ ìnura pelebe méjì po, ó fi bo ẹnu òkè sípíkà kọ̀ọ̀kan.

Shigeharu dúró títí ọkàn rẹ̀ fi gba ohun tí ojú rẹ̀ rí. Orin náà kò dá Fumie lóró. Ohun tí ẹnu kékeré yẹn ń sọ ló ń dá a lóró, ohun tí Shigeharu alára fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà ní jẹ́jẹ́, ó wọ bàtà, ó jáde. Lẹ́yìn náà ni ó ṣílẹ̀kùn gbàà.

"Mo dé o!"

Nígbà tí yóò fi wọlé, yàrá ti pa rọ́rọ́, aṣọ ìnura ti wà lórí okùn ìsáṣọ.

"Ẹ tètè dé," ni Fumie wí.

"Wọ́n tì í."

"Ẹ jẹ́ n po tíì."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Shigeharu lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Wọ́n fi í sínú àpótí kékeré kan tó ní ilẹ̀kùn, wọ́n de ohun kan mọ́ ọn létí, wọ́n fún un ní bọ́tìnnì. Ó kọ́kọ́ ń tẹ̀ ẹ́ bí ohùn ti ń dún. Lẹ́yìn náà, ohùn kò dún mọ́. Ó jókòó, ó dúró. Ó dúró títí ó fi sú u, ó wá kan gíláàsì ara ilẹ̀kùn.

"Dókítà, ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìyókù ni?"

Dókítà náà, obìnrin kan tó kéré sí Sanae ọmọ rẹ̀, ṣílẹ̀kùn. "Bàbá, a ti parí ẹ̀."

Ó fi ìwé hàn án, ìlà tó ń lọ geere tó wá já bọ́ bí ẹni ṣubú láti orí àpáta.

"Báwo ló ti pẹ́ tó?"

"Kì í ṣe àná, Bàbá. Iṣẹ́ wo ni ẹ ṣe?"

"Mo ń fi òòlù kan irin."

"Òun náà ni," ó ní. "Díẹ̀díẹ̀ ni ariwo irin ń jẹ etí."

Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí. Gbogbo wa là ń sọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fún lórúkọ, tí iṣẹ́ kan náà sì gba ohun tí orúkọ náà ń jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò máa pe ara rẹ̀? Ọjọ́ mẹ́ta ni Shigeharu kò fi lè jẹun dáadáa. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní kí Fumie wọ kóòtù rẹ̀.

Fumie kò wọ ṣọ́ọ̀bù Onodera rí. Àwọn ìyàwó a máa dúró sóde, wọn a máa wo àwọn ọkọ wọn bí ẹni wo ọmọdé tó ń ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀. Shigeharu fà á wọ yàrá ẹ̀yìn, ó fi í jókòó sórí àga kan ṣoṣo náà. Onodera bo sípíkà, ó tan ti àkọ́kọ́.

"Ó dára," ni Fumie wí. Ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

Onodera tan ìkejì. Fumie tún wo ojú ọkọ rẹ̀. "Èyí náà dára."

Ó tan ìkẹta, èyí tó wà nílé. Èjìká Fumie gbọ̀n díẹ̀. "Ó dára púpọ̀, Bàbá Sanae."

Onodera wolẹ̀. Oníbàárà kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń dúró kí ó kàn án. Iwájú àlejò ni Shigeharu ti sọ ọ́.

"Fumie." Ó ti tó ogójì ọdún tí kò ti pe orúkọ yẹn. "Etí mi ti kú. Dókítà ti rí i. N kò gbọ́ èékánná rẹ mọ́ àyàfi tí wọ́n bá fi gún ìwọ létí. Mo mọ̀ nípa aṣọ ìnura."

Fumie fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìwọ ni kí o yàn án. Má wo ojú mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ó yíjú sí ògiri. Onodera tún tan gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Fumie la ẹnu, ohùn rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n kò gbọ̀n.

"Ti àkọ́kọ́," ó ní. "Àwọn yòókù ń parọ́."

Onodera tẹríba fún un, ó tẹ̀ ba gan-an, bí ẹni ń tẹríba fún ọ̀gá. Ó gba ti ilé padà, ó fi ti àkọ́kọ́ rọ́pò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jókòó sórí àga méjèèjì. Orin bẹ̀rẹ̀. Shigeharu gbọ́ àwọn okùn tó nípọn, ó gbọ́ àárín, lókè wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Fumie ti pa ojú dé. Nígbà tí orin dé àárín, ó pòṣé.

"Níbí yìí. Mo ṣì í ta níbí."

"Kí ni?"

"Okùn kẹtàlá, èyí tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín jù. Èékánná mi yọ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ń rò pé ẹ gbọ́ ọ, tí ẹ kàn ń bò mí láṣìírí."

Shigeharu dá orin náà dúró. "Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo jókòó ní ìlà kejì."

"Ẹ wá sọ fún mi pé ó dára."

"Mo sọ pé ó dára."

Fumie rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún kó tó débì kan. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kíká rẹ̀ nu ojú. "Lónìí ńkọ́?"

"N kò gbọ́ ọ mọ́."

"Kò burú," ni Fumie wí. "Tó bá ti débẹ̀, n ó máa sọ fún yín."

Shigeharu dá orin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó yí àga rẹ̀ kúrò níwájú sípíkà, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sì ń wo ẹnu rẹ̀.