Àsíá Ta Ni A Óò Gbé?

Lọ́dún tí ebi lé ọ̀pọ̀ èèyàn jáde sí títì káàkiri Nàìjíríà, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìjà. Ní Ọ̀fà níbí, ọ̀rọ̀ tiwa ju ebi lọ. Wọ́n ti ti ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò wa pa. Mutiatu, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, kú sínú mọ́tò lójú ọ̀nà Ìlọrin níbi tí wọ́n ti ń sáré gbé e lọ bímọ, tòun ti oyún inú rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín la pinnu láti wọ́de lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Bá a ṣe fẹ́ gbéra, Kúnlé, tó ń darí àwọn ọ̀dọ́, fa àsíá orílẹ̀-èdè mìíràn yọ nínú báàgì rẹ̀.

"Kí nìyẹn?" mo bi í.

"Mummy, ẹ jẹ́ ká gbé eléyìí. Kí ni tiwa ṣe fún wa rí?"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Inú bí mi, àmọ́ mi ò pariwo.

"Àwọn tó ni àsíá yẹn, ṣé àwọn ló ti ilé ìgbẹ̀bí pa?"

"Rárá, mà."

"Ṣé àwọn ló máa ṣí i? Tá a bá gbé tiwọn, a ti sọ ara wa di àlejò nílé baba wa nìyẹn. Ta ló máa dá àlejò lóhùn?"

Ràímì, ọkọ Mutiatu, bọ́ síwájú. "Ọmọ Nàìjíríà nìyàwó mi. Ẹ gbé tiwa fún mi."

Kúnlé ká tirẹ̀ padà sínú báàgì.

Níwájú ọ́fíìsì, ọ̀gá ọlọ́pàá kan dí wa lọ́nà. "Ta ló ní kẹ́ ẹ máa gbé àsíá ìjọba kiri?"

"Ọ̀gá, àwa la ni ín," Ràímì dá a lóhùn. "Ìjọba mélòó ló ti lọ tá a ṣì wà níbí?"

Ọkùnrin náà yà fún wa. A wọlé, a sọ tẹnu wa, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn máa ṣí ilé ìgbẹ̀bí náà, àwọn á sì rán dókítà síbẹ̀.

Ìgbà tá à ń padà làwọn ọlọ́pàá tú báàgì Kúnlé, wọ́n sì mú un. Èmi àti Ràímì tẹ̀ lé wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá.

"Kí ló ń fi àsíá àjèjì ṣe?" ni wọ́n bi wá.

"Ìbínú ni," Ràímì wí. "Ilé mi sì nìbínú náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀."

Wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú ojú wíwú.

Ilé ìgbẹ̀bí náà ti ṣí báyìí. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, wọ́n sì ń bímọ níbẹ̀. Kò sóhun tó lè dá Mutiatu padà. Dókítà tí wọ́n ṣèlérí kò tíì dé. Ìyẹn ló kù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa lọ béèrè rẹ̀, ẹ má lọ tọrọ. Ẹ béèrè bí onílé.