Ọkọ̀ Tí Mo-Ti-Mọ̀ Fọ̀

Bí wọ́n bá ní kí àwọn tó mọ nǹkan tò sórí ìlà, Mo-Ti-Mọ̀ ni yóò ṣíwájú, òun náà ni yóò sì máa sọ fún àwọn tó kù bí wọn yóò ṣe tò. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ omi ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìdí tábìlì ló sì jókòó sí ní gbogbo ìgbà náà, tó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. Kò fọwọ́ kan páìpù rí. Síbẹ̀, bí omi àdúgbò bá dá, yóò jáde tòun ti ṣòkòtò penpe, yóò dúró ti àwọn tó ń tún un ṣe, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Mo ti mọ̀." Bí wọ́n bá tún un ṣe tó dára, ó ti mọ̀. Bó bá tún bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ní, àwọn méjèèjì sì jọ ń darúgbó lọ ni. Láìpẹ́ yìí, abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ gòkè. Lọ́jọ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ kí àwọn àna wọn, ọkọ̀ náà hó lójú títì bí ìkòkò, èéfín sì bo gbogbo iwájú rẹ̀. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló wá fi okùn fà wọ́n dé ilé. Láti ọjọ́ náà, àbúrò ìyàwó yìí kì í rí okùn kó má rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ wá le sí i ní Sátidé tí à ń wí yìí. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń gbé lọ́nà jíjìn ń bọ̀ lọ́sàn-án, ó sì ń mú ọmọ rẹ̀ obìnrin bọ̀, ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ ketekete báyìí, tí bàbá àgbà rẹ̀ kò sì tíì rí rí àfi nínú fóònù. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi lọ gbé wọn ní ibùdókọ̀."

"Láéláé!" ni Mo-Ti-Mọ̀ wí. "Kí ọmọ-ọmọ mi fi ọkọ̀ ẹlòmíì wọlé mi? Kí ni màá wá máa fi tèmi ṣe, ilé adìyẹ?"

Ó ti gbé tìmùtìmù kan sórí ìjókòó ẹ̀yìn kí ojú ọmọ náà lè tó fèrèsé. Ó ti gbọn tìmùtìmù náà títí kò fi sí eruku tó kù nínú rẹ̀ mọ́.

Ohun tó kù ni kó fọ inú ẹ́ńjìnnì, kó tú omi àtijọ́ dànù, kó sì rọ tuntun sí i. Ó ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fóònù. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun báláú ló ń ṣe é níbẹ̀, àbàwọ́n kankan kò sì kan aṣọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù, kí ènìyàn má lọ ṣí rédíétọ̀, níbi tí omi ẹ́ńjìnnì ń wà, nígbà tó bá gbóná, nítorí yóò bó o lójú. Ó ní kí wọ́n gbé nǹkan sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tú u nísàlẹ̀. Nígbà tó dé ibi tó ti ń sọ pé, "Kí ẹ tó rọ ohunkóhun sí i, ẹ rí i dájú pé...", Mo-Ti-Mọ̀ pa fóònù. Ó ti mọ̀.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀: "Mo n fo oko. Ma duro de mi." Kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú fóònù. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò àmì. Ohun tó sì wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun ń fọ ọkọ̀, kó máa dúró de òun.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà dára. Ó gbé báàfù sábẹ́ ọkọ̀, ó tú ìdérí ìsàlẹ̀, omi pupa rúsúrúsú sì ń dà jáde bí omi inú agolo tó dípẹtà. Ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó. Ó ki rọ́bà omi bọ ẹnu rédíétọ̀, ó ń fi omi ṣàn án, títí èyí tó ń jáde nísàlẹ̀ fi mọ́ gaara. Ó dí ìsàlẹ̀ padà. Ó wá ku kúlántì, omi aláwọ̀ ewé tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná jù. Ó ti rà á sílẹ̀, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sí ọ̀nà ilé ìdáná.

Ọṣẹ olómi ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe tà. Ọṣẹ náà láwọ̀ ewé. Inú kẹ́ẹ̀gì ló máa ń wà, ní ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyàwó!" ni Mo-Ti-Mọ̀ pariwo, tí orí rẹ̀ wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ewé tí mo fẹ́ fi fọ ọkọ̀ wá!"

"Èwo nínú wọn?"

"Èwo ni èwo? Èyí tí wọ́n fi ń fọ nǹkan nàá!"

"Ṣé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ni, àbí..."

"Mo ti mọ ohun tí mò ń ṣe, jàre! Ṣáà gbé e wá!"

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Ìyàwó béèrè, wọn ò dá a lóhùn. Wọ́n ní nǹkan ìfọ̀, ó sì gbé nǹkan ìfọ̀. Ọkọ rẹ̀ gbà á láìbojú wò ó, ó ń rọ ọ́ gbùlù-gbùlù. Ó gbọ́ òórùn ọsàn wẹ́wẹ́, ó ní àwọn tó ń ṣe kúlántì ti ń gbìyànjú láyé ìsinsìnyí. Ó bu omi lé e, ó fi ẹnu rédíétọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí kí afẹ́fẹ́ lè jáde, ó sì tan ẹ́ńjìnnì.

Ní àkọ́kọ́, ẹyọ ìfòfó kan yọjú. Òmíràn tẹ̀ lé e. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná ni ọṣẹ ń hó, ó bo bátìrì, ó bo iná iwájú, ó ń ya lulẹ̀ bí ẹni ń tú òwú. Mo-Ti-Mọ̀ fi ìdérí lé e, ìfòfó gbé ìdérí kúrò. Ó fò sẹ́yìn, ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù dé itan.

Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódì kejì ògiri kúkurú na ọrùn wò wọ́n. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé kí n kó aṣọ tèmi náà wá, ká jọ rẹ ẹ́?"

Abẹ́rẹ́ ooru ti wọ inú pupa. Mo-Ti-Mọ̀ sáré pa ẹ́ńjìnnì, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Kí lo gbé fún mi?"

"Ohun tẹ́ ẹ ní kí n gbé wá ni. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi fọ ọkọ̀. Ọṣẹ mi nìyẹn."

"Ọṣẹ! O mọ̀ pé ọṣẹ ni, o wá ń wò mí tí mò ń rọ ọ́ sí i?"

"Mo rò pé ẹ ti mọ̀ ni."

Nígbà tó tutù díẹ̀, ó tú u, ó ṣàn án, ó dí i, ó tan án. Ọṣẹ tún hó. Ó tún un ṣe. Ọṣẹ tún hó. Oòrùn ti dé àtàrí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀nà. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Kò kúkú béèrè ohun púpọ̀: kí ọmọ náà jókòó sórí tìmùtìmù yẹn, kó máa wòta, kí òun sì máa wò ó nínú dígí títí dé ilé.

Ìyàwó rẹ̀ mú aṣọ ìnura wá fún un. "Ṣé kí n pe àbúrò mi?"

Ó wo ọkọ̀. Ó wo ìfòfó. "Pè é." Ohùn rẹ̀ kéré débi pé ìyàwó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Àbúrò ìyàwó dáhùn lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣèyọnu. Wọ́n ti wà nínú ọkọ̀ mi. Ọmọ yín ti pè mí láti àárọ̀, ó ní bàbá òun ní kí òun má dúró."

"Èmi?" ni Mo-Ti-Mọ̀ ké. "Èmi ni mo ní kó má dúró?"

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé. Ọmọbìnrin rẹ̀ wá ibi tí ọṣẹ ò tíì dé, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì na fóònù sí i. "Bàbá mi, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ kọ: 'Mo ń fọ́ ọkọ̀. Má dúró dè mí.' Mo ní ẹni tó bá ń fọ́ ọkọ̀ ara rẹ̀ á nídìí. Ni mo bá pe Ọ́ńkù."

Bàbá gba fóònù, ó nà án síwájú, ó kà á. Ọ̀rọ̀ nípa fífọ̀ àti fífọ́ ti dé ètè rẹ̀, pẹ̀lú ìbáwí fún ọmọ tí kò gbọ́ èdè bàbá rẹ̀. Ó wá wo ọkọ̀ tí ń kán ọṣẹ tó-tó-tó.

"Bó o ṣe kà á yẹn gan-an ni mo ṣe kọ ọ́," ló wí.

"Ẹ ti mọ̀ pé ẹ máa fọ́ ọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀?"

"Mo ti mọ̀."

Àbúrò ìyàwó ń wolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyàwó wọlé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kejì jáde, ó sì yí ojú tí wọ́n kọ̀wé sí síhà ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. "Kúlántì nìyí. Mo mọ̀ pé ẹ ti mọ̀."

Níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù wọlé, ọmọ kékeré náà ti gun orí tìmùtìmù, ó jókòó. Bàbá àgbà rẹ̀ rí i. Ó wọlé síbi ìjókòó awakọ̀ tòun ti ṣòkòtò tútù, ó tún dígí ṣe títí ojú ọmọ náà fi wà láàárín rẹ̀ gẹ́lẹ́. Inú rẹ̀ dùn, kò lè pa á mọ́ra.

"Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Kò lè lọ, ọmọ mi."

"Kí ló ṣe é?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́nì kankan nítòsí. Ó tẹ orí sẹ́yìn, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Èmi ni mo fọ́ ọ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Ọmọ náà yọ orí lójú fèrèsé. Ẹnu rẹ̀ kì í ṣe fóònù, gbogbo àmì ló pé síbẹ̀. "Ẹ gbọ́ o! Bàbá àgbà ló fọ́ ọ o!"

Lódì kejì ògiri, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"A ti mọ̀!" ni télọ̀ dáhùn.