Ìpè Tí N Kò Rí Ojú Ẹni Tó Ni Ín

Òórùn ẹyìn tí wọ́n ń sè ní ilé kejì máa ń wọ yàrá mi ní Pobè, bí mo bá sì ti gbọ́ ọ, ọjọ́ kan ni mo máa ń rántí. Òun ló gba gbogbo ilé lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Àbúrò mi obìnrin ló ni fáámásì kan ní Sakété. Ìpè àwọn oníbàárà pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ló bá ní kí n máa bá òun gbé e láti ilé, níwọ̀n ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni fóònù tó gbé fún mi ń gbà. Wọ́n á pe Sakété, yóò dún lórí tábìlì mi ní Pobè. Bí ọ̀rọ̀ bá ju tèmi lọ, n ó tẹ bọ́tìnnì kan, yóò bọ́ sọ́wọ́ àbúrò mi.

Obìnrin tó wá tò ó láti Àjàṣẹ́ fi sùúrù kọ́ mi. Ó ní bí iná bá lọ, ẹni tó bá pè yóò bá mi lórí pọ́táábù, fóònù alágbèéká inú àpò mi.

"Ìpè kì í wá ènìyàn kiri, ọmọ mi," mo tọ́ ọ sọ́nà.

Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí ń wá ènìyàn, Màmá. Kódà kí ẹ sá lọ sí Onigbolo."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá kan pè láti Towé. Ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná, egbò sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìgò méjì ló rà, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun, kò sì mọ̀wé kà. "Èwo lọmọ máa mu, Màmá? Èwo la máa fi fọ egbò?" N kò mọ̀. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí bọ́tìnnì àbúrò mi, iná lọ. Fóònù kú mọ́ mi létí, nọ́ńbà bàbá náà sì bá iná lọ.

Ẹ̀rù tó bà mí kọjá sísọ. Ṣe ni mò ń rí ọwọ́ rẹ̀ lọ́kàn mi, tó ń ṣí ìgò.

Ìgbà náà ni pọ́táábù mi dún. Nọ́ńbà gígùn kan tí n kò rí rí ló wà lójú rẹ̀. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: bí ohùn kan bá pè ọ́ lọ́sàn-án gangan, tí o kò rí ojú ẹni tó ni ín, má jẹ́ ẹ. Ìyá mi gbá mi létí rí nítorí rẹ̀. N kì í gbé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ó dún, ó tún dún. Mo gbé e.

"Ta ni yẹn?" mo béèrè.

"Èmi bàbá ọmọ náà ni, mo tún pe Sakété. Ẹ pa á mọ́ mi létí! Mo ti bu funfun sínú ṣíbí."

"Dà á nù! Má fún un ní nǹkan kan. Sọ nọ́ńbà rẹ fún mi."

Mo fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó sì pè é lójú ẹsẹ̀. Pupa ni ti mímu.

Ọmọ náà ti ń lọ iléèwé báyìí. Ẹ̀kọ́ ìyá mi kò burú. Ó fẹ́ dáàbò bò mí ni. Ṣùgbọ́n nígbà tirẹ̀, ohùn tí a kò rí ojú rẹ̀ kì í ṣe ti bàbá tó gbé ọmọ aláìsàn sórí ẹsẹ̀. Títí dòní, bí nọ́ńbà àjèjì bá tàn, ọ̀rọ̀ ìyá mi ló ṣì ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Síbẹ̀, mo máa ń gbé e.