Ìràwọ̀ Onírù Tíṣà Jethro

Títí dòní ni wọ́n ń sọ ọ́ nílùú Oǹdó pé kànnàkànnà ni olóògbé Tíṣà Jethro Dúrótoyè fi fọ́ iná ńlá orí ilé-agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún 1997, nítorí ìràwọ̀. Òkúta ẹyọ kan, wọ́n ní, láti ojú fèrèsé bálùwẹ̀. Bísọ́dún ìyàwó rẹ̀ á gbọ́, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin tó ju òkò sí máńgòrò, tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ké!

Ìlú le nígbà náà. Àwọn ẹlòmíì ń wá epo bẹntiróòlù, Tíṣà ń wá òkùnkùn. Bí iná bá lọ, tí gbogbo àdúgbò pòṣé, òun a pàtẹ́wọ́. Ó dojú odó Bísọ́dún dé lágbàlá, ó so kámẹ́rà mọ́ ìdí rẹ̀ kó má baà mì.

"Bàbá Ìtùnú, kí ni kí n wá fi gúnyán?"

"Iṣu dà? Ìyá Ìtùnú, ìràwọ̀ ló pọ̀ lọ́dún yìí."

Ó gbé fíìmù àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́runníyì, onífọ́tò kan l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́. Ìyẹn dá a padà láìtẹ ẹyọ kan jáde.

"Bàbá, kò séèyàn kankan nínú fíìmù yín, ìdọ̀tí tó-tò-tó ló kún un. Mo nù ún títí, kò lọ."

"Ọmọ mi, látìgbà tí Ọlọ́run ti dá a síbẹ̀, kò sẹ́ni tó nù ún kúrò rí."

Ìgbà tí ìràwọ̀ onírù wá yọ, ẹ̀gbẹ́ ilé-agogo gan-an ló máa ń dúró sí lálaalẹ́. Iná ibẹ̀ ń sọ gbogbo fọ́tò di funfun báláú. Àwọn oníná tí í múná lọ lójoojúmọ́ kò sì mú un lọ rárá fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Tíṣà lọ bá wọn lọ́fíìsì: "Ẹ jọ̀ọ́, kí la ṣe yín tí ẹ ò múná wa lọ mọ́?" Wọ́n rò pé ó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọ́n lé e jáde.

Ó bẹ Adélaní, wọ́dìnì ṣọ́ọ̀ṣì, pé kó bá òun paná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

"Tíṣà, olè ń bẹ níta. Ṣé ìràwọ̀ ló máa bá wa ṣọ́ agogo?"

Fíìmù ku ẹyọ kan. Ìràwọ̀ ń lọ.

"Bó bá lọ báyìí, Ìyá Ìtùnú, ó di ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ó lé kó tó padà."

"Ẹ ò wá lè dúró dè é ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan gààrì rẹ̀. Bísọ́dún ń wo gààrì náà títí ó fi wú kún abọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, iná ṣọ́ọ̀ṣì kú fin-ín. Tíṣà ya ìràwọ̀ rẹ̀, tìrùtìrù. Nígbà tí Adélaní fẹ̀sùn kànnàkànnà kàn án, kò jiyàn, àyà ló gbé síta: "Ẹ rò pé mo mọ̀ ọ́n ta tó bẹ́ẹ̀?" Ẹ̀yìn fọ́tò àkọ́kọ́ tó tẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ti Ìyá Ìtùnú ni." Kò bi ìyàwó rẹ̀ léèrè nǹkan kan.

Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, Adélaní tún pa ìtàn òkúta ẹyọ kan náà, àwọn èrò sì rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi ń sunkún. Bísọ́dún bá wọn rẹ́rìn-ín, ó bá wọn sunkún, kò tú àṣírí.

Gílóòbù iná ilé-agogo náà kò fọ́ rí. Ẹgbẹ́ Bísọ́dún ló kàn láti gbá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tí suwíìṣì iná náà wà.