Ìkòkò Tábà Bàbá àti Agolo Aṣáà Yèyé

Nígbà tí mo ṣì kéré tó ẹni tó ń bá ìyá àgbà sùn lórí ẹní kan náà, ìdí àpáta ni ilé wa wà ní Ọ̀kà, níbi téèyàn ti lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa wo òrùlé àwọn ará ìsàlẹ̀. Ìyá tó bí bàbá mi ni mo ń bá gbé. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ náà wà láàyè, ògiri tiwa ló sì fara ti ògiri tirẹ̀. Bàbá ni àwa ọmọdé ń pe òun. Bí Yèyé ti dàgbà tó, tí irun orí rẹ̀ ti funfun, "ìyàwó wa" ni Bàbá ṣì ń pè é, òun náà á sì máa pe Bàbá ní "ọkọ mi", bí obìnrin ilé ti í pe ará ilé ọkọ. Àwọn méjèèjì a máa ṣẹ̀fẹ̀ síra wọn láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bàbá a máa fa tábà. Ó ní ìkòkò amọ̀ kékeré kan tó ní ọ̀pá gígùn, ọ̀pá náà sì ti dúdú níbi tí eyín rẹ̀ ti máa ń dì í mú. Yèyé kì í fa èéfín ní tirẹ̀, aṣáà ni tirẹ̀. Ọjà Ìkàrẹ́ ló ti ń ra ewé tábà gbígbẹ àti kán-ún. Á yan ewé náà lórí àpáàdì, á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ kán-ún lórí ọlọ tí a kì í fi lọ ata, títí yóò fi kúnná, á wá bù ú sínú agolo kékeré kan tó máa ń so mọ́ etí ìró. Bí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá délẹ̀, á kọ́kọ́ fi díẹ̀ sábẹ́ ètè. Bí ètè náà bá ti yọ síwájú báyìí, a ti mọ̀ pé ìdájọ́ dé nìyẹn.

Iṣẹ́ tèmi ni iná. Bàbá kì í dìde torí iná. Á ki tábà sínú ìkòkò rẹ̀, á pè mí, èmi á gbé e lọ sí ìdí ààrò Yèyé, màá fi ẹ̀mú mú ẹ̀yinná kékeré kan lé e lórí. Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ẹ lè rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí o. Bí ẹ bá kàn gbé ẹ̀yinná lé tábà, tí ẹ ń rìn bọ̀, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rán yín, ó ti kú. Ẹ gbọ́dọ̀ fà á nídìí ààrò kó ràn, kí ẹ tún fà á lójú ọ̀nà kó má kú. Bí gbogbo ọmọ tí wọ́n ń rán níná tábà ti ń ṣe é nìyẹn, kò sì sí àgbà kan tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọmọ tí ìkòkò kì í kú sí lọ́wọ́ ni wọ́n ń yìn. Wọ́n yìn mí gan-an.

Kódà wolé-wolé tó máa ń wá láti Ìkàrẹ́ kò rí i. Òun á ṣí ìkòkò omi wa, á bẹjú wò ó bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, á yẹ ẹ̀yìnkùlé wò, ẹ̀rù rẹ̀ a sì máa ba gbogbo obìnrin ilé. Ṣùgbọ́n bí ó bá pàdé èmi ọmọdé tí èéfín ń jáde nímú mi, ńṣe ni yóò kí mi pé mo kú iṣẹ́.

Ìgbà tí Bàbá lọ sìnkú ẹbí kan ní Ọ̀bà ni ọ̀rọ̀ náà tó hàn. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ, ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Mò ń yán, orí ń fọ́ mi, mo sì ń bá gbogbo ọmọ ilé jà. Yèyé ní ibà ni, ó se àgbo fún mi. Mo mu àgbo, kò gbọ́. Nígbà tó yá, ó wá mi títí, ẹ̀yìn ààrò ló ti rí mi. Mo ti lọ wá ògbólógbòó ìkòkò kan tí Bàbá ti pa tì jáde, mo gbé e sẹ́nu, kò sí tábà níbẹ̀, kò sí iná, mo kàn ń fa ọ̀pá rẹ̀ bí ọmọ tó ń mu ọmú.

Yèyé kò pariwo. Ó jókòó tì mí nílẹ̀.

"Ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe ọ́ báyìí?"

Mo ní, "Bàbá ò sí nílé ni."

Ó gba ìkòkò náà lọ́wọ́ mi, ó ń yí i wò. Èmi kò mọ ohun tó ń rò nígbà náà. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́ pé ikọ́ ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ, àti pé ní kékeré, ọkọ náà kì í jẹ́ kí ìkòkò kú sí i lọ́wọ́, bíi tèmi.

Bàbá dé, kò tíì sọ àpò kalẹ̀ tí Yèyé fi jáde sí i.

"Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Ọmọ yìí kò ní gbé iná fún yín mọ́ o."

"Ìyàwó wa, kí ló dé? Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ún ni?"

"Tábà ti mú un."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lò ń sọ bẹ́ẹ̀, ìwọ tí ètè rẹ yọ síwájú bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ."

Yèyé yọ aṣáà tó wà lábẹ́ ètè rẹ̀, ó tu ú dànù. "Ó dáa. Èmi á fi tèmi sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà fi tiyín sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ padà sí i ni yóò pọn omi láti odò gòkè wá fún ilé kejì."

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé nílé wa, ọkùnrin kì í pọn omi, ká má tíì sọ pé àgbà ọkùnrin. Ọ̀nà odò náà sì ga. Bàbá wò mí, ó rí i bí mo ṣe ń wo ìkòkò ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó gbà.

Àṣà ilé wa ni pé ẹni tó bá pinnu láti fi nǹkan sílẹ̀ kì í tọ́jú rẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń bá a pa á mọ́. Nítorí náà, Bàbá kó ìkòkò àti tábà rẹ̀ fún Yèyé, Yèyé sì kó agolo aṣáà rẹ̀ fún Bàbá. Ẹ̀yin náà ẹ wo irú ọgbọ́n yẹn.

Lákọ̀ọ́kọ́, nǹkan le. Bàbá ń tún ebè tí ó ti kọ tẹ́lẹ̀ kọ. Yèyé ń lọ ata tí kò sí ẹni tí yóò sè é. Èmi ń sunkún láìsí ohun tí ẹnikẹ́ni fi ṣe mí. Àfi bí àlàáfíà ṣe dé lójijì. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í dá àpárá. Ohun kan péré ni pé Bàbá ń sín ṣáá, ó ní òtútù ni, Yèyé náà sì ń pẹ́ nídìí ààrò ju bí ọbẹ̀ ti ń pẹ́ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, èmi àti Yèyé wà nínú yàrá. Ó kó aṣọ bora, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe nǹkan lábẹ́ aṣọ. Ó na ọwọ́ sí mi láìwẹ̀yìn.

"Ọmọ mi, sáré lọ bá mi fi iná sí i. Má jẹ́ kó kú lọ́nà o."

Ìkòkò Bàbá ni. Mo gbà á. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó ní, "Dúró."

Mo dúró.

"Kí ni mo ní kí o ṣe?"

"Ẹ ní kí n fi iná sí i, kí n má jẹ́ kó kú lọ́nà."

Yèyé wò mí. Ó wo ìkòkò. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó gba ìkòkò náà, ó fi aṣọ borí, ó di inú òjò, mo tẹ̀ lé e.

A bá Bàbá tó tẹ̀ sórí agolo aṣáà Yèyé, ó ń fín in símú, imú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó jábọ́ sínú erùpẹ̀ pupa. Ó gbójú sókè, ó sì sín.

"Ọkọ mi, ẹ kú òtútù o."

"Ìyàwó wa, kí ni ìkòkò mi ń wá nínú òjò?"

"Ó ń wá ẹni tó ni ín ni."

Bàbá na ara. "Tábà tèmi ni mo ní n kò ní fà, n kò sì fà á. Tìrẹ ni mo fín."

"Èmi náà kò fọwọ́ kan aṣáà mi láti ọjọ́ náà."

Wọ́n wo ara wọn títí, wọ́n wá wò mí. Bàbá ní, "Ọmọ yìí, ìwọ lọ̀rọ̀ kàn. Ta ni yóò pọn omi?"

Mo ní, "Ẹ̀yin méjèèjì."

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ilé jáde wò wọ́n. Bàbá ló ṣíwájú, ó ru ìkòkò omi, omi ń ta sí i lọ́rùn, Yèyé ru tirẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń kọ́ ọ bí a ti ń gbé ọrùn. Ìyàwó ilé kan bẹ̀rù, ó béèrè pé, "Bàbá, ta ló kú?"

Bàbá ní, "Tábà ni. Omi tí a ó fi wẹ̀ ẹ́ ni a ń pọn."

Yèyé kì í fi nǹkan ṣòfò. Ewé tábà tó kù, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ adìẹ tó ń sàba, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Òun fi orín rọ́pò aṣáà, tọ̀sán-tòru ni orín wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ bọ́, torí ara ọmọdé tètè ń gbàgbé. Ti Bàbá ló pẹ́. Ó ń jẹ orógbó, síbẹ̀ ó máa ń yọ́ padà sí tábà lóko rẹ̀ tó wà lọ́nà Sosan. Ṣùgbọ́n kì í fi í pamọ́, ọjọ́ tó bá fà á ló ń pọn omi. Ìgbàkígbà tí a bá rí Bàbá tó ń ru omi gòkè bọ̀, a ti mọ̀, Yèyé á sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á bá a sọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, omi rẹ̀ dínkù. Nígbà tó yá, kò pọn ọ́n mọ́. Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ó ń fọ́nnu pé ọ̀nà odò yẹn ló wo òun sàn.

Ayé ti yí padà. Mo wà ní Ìkàrẹ́ báyìí, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ti ń ta ọṣẹ àti bísíkíìtì. Ìjọba ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta sìgá fún ọmọdé, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó ń pani. Ohun tí wolé-wolé kò rí láyé ọjọ́sí, àwọn elétò ìlera ń sọ ọ́ nílé ìwé báyìí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àwọn bàbá kan ṣì ń rán ọmọ wọn wá bi mí bóyá mo ní sìgá ẹyọ kan. Màá fún ọmọ náà ní bísíkíìtì, màá ní, "Sọ fún bàbá rẹ pé kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá." Àwọn tó bá wá, màá fún wọn ní àpótí jókòó, màá sọ ìtàn yìí fún wọn. Púpọ̀ wọn kì í padà wá.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ni ti àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ aládùúgbò mi fi sìgá ìgbàlódé kan hàn mí, tín-ín-rín bí bírò, oníbátìrì, òórùn rẹ̀ dà bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Mo wò ó títí. Kò fẹ́ ẹ̀yinná, kò fẹ́ ẹ̀mú, kò fẹ́ kí a rán ẹnikẹ́ni. Èèyàn lè fà á láti àárọ̀ di alẹ́ láìla ẹnu. Yèyé ní láti la ẹnu rẹ̀ bẹ ọmọ níṣẹ́ kó tó lè fa tirẹ̀, ìgbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ló sì jáwọ́. Mo bi ọmọkùnrin náà pé, bí nǹkan yìí bá mú un, ta ni yóò gbọ́?

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin náà ni, Màmá." Ni mo bá fa kẹ́ẹ̀gì méjì jáde lábẹ́ tábìlì mi, mo sì fi ọ̀nà ẹ̀rọ omi hàn án, mo ní, "Ọjọ́ tí o bá fà á, omi ni kí n rí lórí rẹ."